Ìbọ̀wọ́ Tó Lu

Ìjà ni ọmọbìnrin kan àti ọkùnrin kan fi kíra wọn lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé. Iṣẹ́ ọmọbìnrin náà ni láti yẹ ẹ̀jẹ̀ ajá igbó wò, kó lè mọ èyí tí dìgbòlugi àti àwọn àrùn mìíràn ti kàn rí. Ọkùnrin náà ló ń mú àwọn ajá ọ̀hún, á gba ẹ̀jẹ̀ wọn, á sì tú wọn sílẹ̀. Ọdẹ-Má-Pa ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, nọ́ńbà ni mo ní kẹ́ ẹ kọ sára ìgò. Kí ló ń jẹ́ 'Ìyá Oníjà'?"

"Orúkọ ajá náà ni. Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ ó gbà."

Inú ń bí ọmọbìnrin náà, ẹ̀rín sì ń pa á. Bí ìfẹ́ ṣe wọlé nìyẹn.

Bàbá ọmọbìnrin ni kò gbà. "Ẹni tó ń bá ajá igbó jìjàkadì! Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gé e jẹ, kó má dé ilé mi o!"

Odindi ọdún kan ni wọ́n fi bẹ bàbá kó tó ní kí ọkùnrin náà wá kí òun.

Àárọ̀ ọjọ́ tó fẹ́ wá kí bàbá gan-an ni àpótí ẹ̀jẹ̀ dé láti inú igbó. Òfin ni pé gbogbo ìbọ̀wọ́ tí wọ́n lò gbọ́dọ̀ bá ìgò padà. Ọmọbìnrin náà ń yẹ̀ wọ́n wò, ló bá rí ọ̀kan tí eyín ti lu, tí ẹ̀jẹ̀ gbẹ sínú rẹ̀. Ó pe fóònù ọkùnrin náà títí, kò sẹ́ni tó gbé e.

Ó sáré délé bàbá rẹ̀. Ẹ wá wo olórí kunkun! Ọkùnrin náà jókòó níwájú bàbá nínú ooru, ó wọ ẹ̀wù alápá gígùn.

"Olólùfẹ́ mi, gbé ọwọ́ yẹn wá."

"Ọwọ́ wo?"

"Má jẹ̀ẹ́ kí n pariwo o!" Ó ká apá ẹ̀wù náà sókè. Ojú eyín rèé. "O ti gba abẹ́rẹ́?"

"Mo ní kí bàbá kọ́kọ́ gbà mí ná..."

"Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú! Bí dìgbòlugi bá ti hàn lára èèyàn, ó parí nìyẹn! Bàbá mi lo wá ń bẹ̀rù jù ú lọ?" Ó yíjú sí bàbá rẹ̀. "Bàbá, ẹnu yín ló ń sá fún. Òun náà ni mo sì fẹ́, pẹ̀lú àìgbọ́n rẹ̀."

Bàbá dìde. Ọkùnrin náà rò pé bàbá fẹ́ lé òun jáde nìyẹn. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ni bàbá mú.

"Ẹ wọkọ̀!"

Èébú ló fi wakọ̀ dé ọsibítù. Nọ́ọ̀sì ṣí ìwé: "Bàbá, kí lẹ jẹ́ sí i?"

"Àna rẹ̀ ni mí," ni bàbá jágbe. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè gún un."