Ọgọ́rùn-ún Máàkì, Ọwọ́ Kò Kan Kọ̀ǹpútà Rí

Ní ọdún 1991, Ràbíátù Àdìsá ń di bísíkíìtì sínú páálí ní iléeṣẹ́ kan ní Ṣàngó-Ọ̀tà. Ìgbà Sáàpù ni, ètò ọrọ̀-ajé ìjọba tó mú kí nǹkan le fún ará ìlú. Wọ́n ń dá òṣìṣẹ́ dúró, wọn ò gba tuntun. Nítorí náà, nígbà tó gbọ́ pé ọ́fíìsì ìkẹ́rùsí iléeṣẹ́ náà ń wá ọmọ kan tó mọ kọ̀ǹpútà, kò dúró jẹun. Ó sáré lọ mú Ọláníkẹ́, ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní girama, pẹ̀lú káàdì èsì ìdánwò rẹ̀.

Ìyáàfin Ṣóbándé, akọ̀wé ọ́fíìsì náà, wo káàdì.

"Kọ̀ǹpútà, ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún! Ìyá Ọláníkẹ́, ẹ kú oríire o. Ó yá, ọmọ mi, jókòó. Tẹ orúkọ rẹ sínú ẹ̀rọ yìí."

Ọláníkẹ́ bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó káwọ́ sẹ́yìn níwájú ẹ̀rọ náà, kò mira.

"Kí ló dé? Jókòó kẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, wọn kì í jẹ́ ká fọwọ́ kàn án níléèwé. Yíyà la máa ń yà á."

Ẹnu Ràbíátù là sílẹ̀. "Yíyà? Ọdún mẹ́ta lo fi ń ya àwòrán?"

"Èmi ni mo mọ̀ ọ́n yà jù, Màámi."

"Tẹ̀ ẹ́, jọ̀ọ́!"

"Ẹ̀rù ń bà mí. Tíṣà ní ó lè gbiná."

Ìyáàfin Ṣóbándé mi orí. "Ẹ má bínú, Ìyá Ọláníkẹ́. Ẹni tó máa bẹ̀rẹ̀ lónìí ni wọ́n ń wá."

Ràbíátù ṣì ní ọmọ méjì níléèwé náà. Lọ́jọ́ ìpàdé òbí, ó bẹ Ìyáàfin Ṣóbándé kó tẹ̀ lé òun. Ọ̀gá ilé ìwé, Ọ̀gbẹ́ni Ògúndèjì, ń sọ̀rọ̀ lọ: ìmọ̀ ìgbàlódé, ìlọsíwájú, ọ̀la tó dára. Ràbíátù dìde.

"Sà, níbo ni kọ̀ǹpútà yín wà?"

Ọ́fíìsì ọ̀gá ló wà, gbogbo òbí sì wọ́ lọ síbẹ̀. Kọ́tìnì léèsì ni wọ́n fi bò ó, òdòdó oníke wà lórí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí i, ọ̀rá tí wọ́n fi dì í wá ṣì wà lára rẹ̀! Àwọn òbí kígbe.

"Tí wọ́n bá bà á jẹ́ ńkọ́?" ni Ògúndèjì wí.

"Ẹ̀rọ yín ṣì jẹ́ tuntun, sà," ni Ràbíátù dá a lóhùn. "Ọmọ tèmi ti jáde níléèwé."



Ìyáàfin Ṣóbándé ní kí wọ́n gbé e lọ sí kíláàsì. Ó to ìbéèrè ìṣirò sínú rẹ̀, ó ní kí àwọn ọmọ máa bọ̀ ní márùn-ún márùn-ún. Ẹ̀rọ béèrè méje lọ́nà mẹ́jọ. Ọmọ kan tẹ márùndínlọ́gọ́ta. Ẹ̀rọ ní rárá. Gbogbo kíláàsì pariwo, ọmọ náà tẹ mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, ẹ̀rọ gbà á! Àwọn tó máa ń sùn lẹ́yìn ti gun bẹ́ǹṣì.

"Ẹ rí i?" ni Ìyáàfin Ṣóbándé wí. "Ó bi wọ́n, wọ́n dáhùn, wọ́n rí àṣìṣe wọn lójú ẹsẹ̀. Ọmọ ni kí tíṣà dúró tì, kì í ṣe ẹ̀rọ ni kó máa ṣọ́."

Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ Ọláníkẹ́. Ọmọ kan láti Ìjókò ló gbà á. A ò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó.

Ẹ̀yin òbí, tí ọmọ bá gbé káàdì dé, ẹ má wo máàkì nìkan. Ẹ bi í pé: "Ṣé ọwọ́ rẹ ti kan kọ̀ǹpútà?" Tó bá ní rárá, ẹ lọ síléèwé lọ́la. Ẹ̀yin tíṣà, ẹ ká aṣọ kúrò. Ẹ̀rọ tó bàjẹ́ ṣeé tún ṣe. Ọdún mẹ́ta tí ọmọ fi ya àwòrán rẹ̀ ò ṣeé dá padà.