Ọkọ̀ Tuntun Kì í Pariwo

Aránbàtà ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi kò ju ìgbésẹ̀ mẹ́wàá lọ sí wáyà tí wọ́n fi yí ojú irin ká. Ẹnu mi kì í dákẹ́, gbogbo àdúgbò ló mọ̀, àmọ́ ohun tí mo rí láàárọ̀ Mọ́ńdè kan pa mí lẹ́nu mọ́.

Téṣàn rélùwéè àtijọ́ tó wà láàárín ìlú wa, èyí tí wọ́n fi bíríkì pupa kọ́, ti di ibùdókọ̀ rélùwéè ìgbàlódé. Ibi tí àdán ń gbé tẹ́lẹ̀ ti di ibi tí a ti ń ra tíkẹ́ẹ̀tì. Aago ńlá tó ti kú lára ògiri tipẹ́tipẹ́ ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n kọ́ afárá sókè ojú irin fún ẹni tó bá fẹ́ sọdá, wọ́n sì fi lífìtì sí i fún ẹni tí kò lè gun àtẹ̀gùn.

Àwa ará àdúgbò ńkọ́? Ihò kan wà lára wáyà, ibẹ̀ la ń gbà ní tiwa.

Bàbá Rélùwéè ló fi wá lọ́kàn balẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni bàbá yìí fi ju àsíá fún ọkọ̀ ní téṣàn náà kó tó fẹ̀yìn tì. Ó ní kí èèyàn gbé àtẹ́lẹsẹ̀ lásán lé irin: bó bá ń gbọ̀n, dúró, bí kò bá gbọ̀n, máa lọ. Ó kọ́ gbogbo wa. Èmi náà a máa bọ́ bàtà kí n tó sọdá. Ẹ gbọ́ ná, aránbàtà tó ń rìn lẹ́sẹ̀ lásán!

Òdìkejì ojú irin ni ṣọ́ọ̀bù Ìyá Aránṣọ, ìyàwó Bàbá Rélùwéè, wà. Orúnkún ń dà á láàmú, kò lè gun àtẹ̀gùn. Bí mo bá dárúkọ lífìtì, á ní, "Àpótí tó ń ti ara rẹ̀ pa mọ́ èèyàn? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

Títí di Sátidé, ọkọ̀ àtijọ́ tó ń pariwo ni wọ́n ṣì ń lò. Mọ́ńdè yẹn ni ọkọ̀ tuntun bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti fi gbohùngbohùn kéde rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Ta ló dá wọn lóhùn?

Tọkọtaya náà gba ojú ihò wọlé bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Bàbá gbé ẹsẹ̀ lé irin.

"Kò sí nǹkan kan. Máa lọ."

"Ṣé ó dá yín lójú, bàbá àwọn ọmọ?"

"Èmi lò ń bi? Èmi tí mo ti ń ṣe é kí o tó mọ abẹ́rẹ́ dì mú?"

Ìyá gbé báàgì aṣọ àwọn oníbàárà rẹ̀ kọ́ apá, ó ń tiro lọ. Ó dé àárín, ó dúró.

"Bàtà mi há o!"

Bàtà tí èmi fúnra mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ràn fún un ni. Gìgísẹ̀ rẹ̀ ti wọ àárín irin àti òkúta. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń fà á. Mo gbé ojú sókè, mo rí orí ọkọ̀ tó ń yọ ní kọ́nà. Kò sí èéfín, kò sí ìró kankan. Ńṣe ló ń yọ́ bọ̀ bí ológbò. Mo fẹ́ kígbe, ohùn ò jáde.

"Fara balẹ̀ yọ ọ́," ni Bàbá ń wí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lórí irin. "Kò gbọ̀n rárá."

"Màmá! Ẹ fi bàtà sílẹ̀! Ẹ kúrò níbẹ̀!"

Ọmọbìnrin òṣìṣẹ́ ibùdókọ̀ ló kígbe yẹn. Ó ti gbá bọ́tìnnì pupa ara òpó tí wọ́n fi ń ta awakọ̀ lólobó, ó ń sáré bọ̀. Ìgbà náà ni Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀yìn. Yéè! Ó já mọ́ ìyàwó rẹ̀, ó fà á lápá, àwọn méjèèjì ṣubú sórí òkúta lẹ́bàá ojú irin. Atẹ́gùn ọkọ̀ gbá mi lójú níbi tí mo wà. Ó ré kọjá, ó tún lọ jìnnà kó tó lè dúró.

Aṣọ àwọn oníbàárà fọ́n káàkiri. Bàtà náà já sí méjì.

Nígbà tí a ti rí i pé kò sẹ́ni tó fara pa ju ìgbọ̀nwọ́ tó bó lọ, ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ ti Bàbá.

"Bàbá mi, iná mànàmáná ló ń wa ọkọ̀ yìí, ìdí nìyẹn tí kì í fi í pariwo. Wọ́n ti fi rọ́bà sábẹ́ irin, wọ́n sì ti jó àwọn irin náà pọ̀ láìsí àlàfo. Kí ẹsẹ̀ yín tó gbọ́ ọ, ó ti dé orí yín. Ẹni tó ń wà á rí yín, ó tẹ bíréèkì, ṣùgbọ́n ẹ rí ibi tó ti ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, Bàbá, kì í ṣe àtẹ́lẹsẹ̀."

Bàbá jókòó sórí òkúta níbẹ̀. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi dá ẹ̀mí àwọn ẹlòmíràn sí níbí. Ọwọ́ ara mi ni mo sì fẹ́ fi ti ìyàwó mi sábẹ́ ọkọ̀."

Ìyá nu ojú rẹ̀ fún un. "Ó tó bẹ́ẹ̀. N ò kú. Ẹ mú mi lọ sídìí àpótí yẹn jàre."

Àwa mẹ́rin la jọ wọ lífìtì. Ìyá di ọwọ́ mi mú bí ẹni tó fẹ́ já a. Kó tó pa ojú dé, ilẹ̀kùn ti ṣí.

"Ó tán?" ló bi wá. "Ohun tí mo ń sá fún nìyí?"

Lọ́jọ́ náà gan-an, Bàbá lọ gbé àsíá pupa rẹ̀ àtijọ́ wá látilé, ó so ó mọ́ ojú ihò, ó sì jókòó tì í títí àwọn òṣìṣẹ́ fi wá dí i.

Ẹ̀yin ará, bí ojú irin bá gba àdúgbò yín kọjá, orí afárá ni kí ẹ gbà. Lífìtì wà fún ẹni tí ara kò gbé, fún aláboyún àti ẹni tó gbọ́mọ pọ̀n, ẹ má bẹ̀rù rẹ̀. Bí ẹ bá rí ihò lára wáyà, ẹ sọ fún òṣìṣẹ́, ẹ má sọ ọ́ di ọ̀nà. Bí nǹkan bá sì já bọ́ sójú irin, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ pe òṣìṣẹ́.

Àjákù bàtà Ìyá Aránṣọ wà níbi tí mo gbé e kọ́ sí ní ṣọ́ọ̀bù mi. Àwọn oníbàárà máa ń bi mí ìgbà tí màá tún un ṣe. Mo kàn máa ń nawọ́ sí Ìyá tó ń bọ̀ lórí afárá, tó ń ju ọwọ́ sí wa.