Ẹni Tó Di Fìtílà Mú

Àkùkọ ilé Káfíńtà kò kọ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ìyáálé ilé, tó máa ń ṣí àgò adìẹ, ní ara òun ò yá. Ìyàwó kékeré, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Télọ̀, ló lọ ṣí i. Ó bá àkùkọ nílẹ̀, ọrùn rẹ̀ lọ́ sẹ́yìn bí aṣọ tí wọ́n fún omi rẹ̀. Kí oòrùn tó mú, àwọn àgbébọ̀ ti ń tẹ̀ lé e. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kejì, òròmọdìẹ kan ṣoṣo ló kù tó ń ké kiri àgbàlá.

Kò sí ọgbẹ́ lára wọn, kò sí ẹ̀jẹ̀. Ikú tí kò ní ẹ̀jẹ̀ ni ẹnu ayé máa ń rí sọ jù.

"Èyí kì í ṣe ojú lásán," ni aládùúgbò wọn, Elétí-Ọ̀fẹ́, wí látorí ògiri. "Adìẹ kì í bojú wẹ̀yìn kó tó kú, àfi tí ẹnìkan bá ń pè é látẹ̀yìn."

"Ta ló ń pè é?" ni Káfíńtà bi í.

"Ẹ bi ara yín. Èmi ò gbé inú àgò."

Adìẹ wọ̀nyí kì í ṣe nǹkan eré. Ọ́fíìsì ẹran ọ̀sìn ló pín wọn fáwọn obìnrin àdúgbò. Ẹyin wọn làwọn ọmọ ń jẹ, òun náà ni wọ́n ń tà ra ọṣẹ àti ìwé iléèwé. Télọ̀ ni wọ́n kọ́ ní ìtọ́jú wọn. Òun ló ń kán oògùn àjẹsára sí wọn lójú nítorí lúkúlúkú, àrùn tó ń gbá àgò adìẹ mọ́ bí ìgbálẹ̀. Òfin kan sì wà: adìẹ àjèjì ò gbọdọ̀ wọ àgò láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ dá gbé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ilé tó bá rú u kò ní rí adìẹ gbà mọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń kán oògùn náà, nígbà tí adìẹ bá ti wọlé sùn, tí kò ní fi eré sísá da ènìyàn láàmú. Télọ̀ á wọ inú àgò, á di orí adìẹ mú, á kán ẹ̀kán kan sí i lójú, á sì ka iye tó ti ṣe sẹ́nu. Ẹni tó bá ń kọjá lọ á rí òjìji obìnrin tó tẹ̀ba lé adìẹ, tí ètè rẹ̀ ń mì. Ìyáálé ló máa ń di fìtílà mú fún un. Àwọn méjèèjì kì í jà. Abọ́ kan ni wọ́n fi ń jẹun, Télọ̀ ló sì ń rán aṣọ ìyáálé lọ́fẹ̀ẹ́.

Káfíńtà pè wọ́n sí yàrá ìgbàlejò. Ìyá rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Elétí-Ọ̀fẹ́, tí ẹnikẹ́ni ò pè, fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn.

"Wọ́n ní o máa ń wọ àgò tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Kí lò ń ṣe níbẹ̀?"

"Oògùn ni mò ń kán. Ẹ̀yin náà mọ̀."

"Mo mọ̀ pé o wí bẹ́ẹ̀. Mi ò bá ọ débẹ̀ rí."

Ọkàn Télọ̀ balẹ̀. Ó yíjú sí ìyáálé rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi sọ fún wọn."

Ìyáálé wo ilẹ̀. "Fìtílà ni mo dì mú. Mi ò mọ ohun tó wà nínú ìgò. Ó ń kán nǹkan sí wọn lójú, ó sì ń wí nǹkan sẹ́nu. Ẹ̀rù bà mí, mi ò lè sọ."

"Ẹ ò gbọ́?" Elétí-Ọ̀fẹ́ pàtẹ́wọ́. "Ó ń bá àjẹ́ jẹun nínú abọ́ kan náà!"

Télọ̀ ò sunkún. Ó kàn ń wo ìyáálé rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ilé tó ń jó. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, inú ẹ̀fọ́ ló wà.

"Kó ẹrù rẹ," ni Káfíńtà wí. "Ọmọ rẹ ò ní bá ọ lọ."

"Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká yẹ òkú adìẹ wò kí n tó lọ."

Ìyáálé fò dìde. "Mo ti kó wọn sápò, wọ́n ti ń rùn. Kí la fẹ́ fi wọ́n ṣe?"

"Imú tèmi ni yóò gbóòórùn rẹ̀," ni ìyá àgbà wí. "Ẹ gbé e wá."

Ojú ìyá ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti tọ́jú adìẹ kí wọ́n tó bí ẹnikẹ́ni nínú yàrá náà. Ó ń fọwọ́ pa ẹsẹ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Lórí àgbébọ̀ kan, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Wọ́n ti so èyí mọ́lẹ̀ rí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti bó. Adìẹ tó mọlé, ta ló ń so ó? Adìẹ àjèjì là ń so, títí yóò fi mọ ilé. Kí sì ni èyí?"

Àjákù aṣọ kan ṣì há sí ẹsẹ̀ adìẹ náà níbi tí ẹsẹ̀ ti wú bò ó. Télọ̀ bẹ̀rẹ̀, ó fi èékánná fà á jáde. Aṣọ olódòdó pupa ni.

"Èmi ni mo gé e," ó ní. "Ìṣẹ́tí síkẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbọ́n mi ni. Ọwọ́ wọn ni mo dá àgékù rẹ̀ padà sí."

Orúnkún ìyáálé kanlẹ̀. "Ọkùnrin kan ló ń tà á kiri. Adìẹ náà tóbi, ó sì dínwó. Mo so ó sẹ́yìn ilé ìdáná, ló bá ń ké. Mo bẹ̀rù pé o máa rí i, mo gé okùn rẹ̀, mo tì í sínú àgò. O ṣẹ̀ṣẹ̀ kán oògùn ni. Mo rò pé kò sóhun tó tún lè ṣe ìyókù."

"Lúkúlúkú ló lọ́ wọn lọ́rùn. Oògùn náà ń pẹ́ kó tó ṣiṣẹ́ lára. Mo sọ ọ́ fún yín."

"O sọ ọ́. Ẹ̀rù ló bà mí, wọn ò ní fún wa ládìẹ mọ́."

"Ẹ wá fi mí ṣe pàṣípààrọ̀ adìẹ."

Kò sẹ́ni tó rí ìgbà tí Elétí-Ọ̀fẹ́ kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Télọ̀ ní kí wọ́n sun òkú adìẹ, kí wọ́n fọ àgò, kí wọ́n fi í sílẹ̀ lófìfo. Ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí ọ́fíìsì, ó sọ òtítọ́ fún wọn. Wọ́n bá a wí, ṣùgbọ́n nítorí òtítọ́ tó sọ, wọ́n tún fún un ní adìẹ lẹ́yìn àsìkò òjò. Nígbà tí Káfíńtà ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi bẹ̀ ẹ́, Télọ̀ ní ohun kan ṣoṣo lòun ń fẹ́: kó kan ìṣó ńlá kan mọ́ òpó àgò.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n máa kán oògùn fáwọn adìẹ tuntun, ìyáálé dé ẹnu àgò, ó nawọ́.

"Ìyàwó, gbé fìtílà wá, kí n bá ọ dì í mú."

Télọ̀ gbé fìtílà kọ́ ìṣó.

"Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi. Ìṣó ti bá mi dì í mú. Kò lẹ́nu."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó wọ inú àgò, ó sì fa ilẹ̀kùn dé.