Òǹtẹ̀ Ada

Hetty Sprake lu òǹtẹ̀ Ada Louch sí inú kọ́sẹ́ẹ̀tì tí abẹ́rẹ́ Hetty fúnra rẹ̀ kán sí.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Hetty. Ilé iṣẹ́ Pescott ní Portsmouth ni òun àti Ada ti ń rán kọ́sẹ́ẹ̀tì, aṣọ àwọ̀sínú tí àwọn obìnrin fi ń fún ìbàdí. Opó atukọ̀ kan ló fi ẹ̀rọ ìránṣọ méjì dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ nínú ilé ìdáná rẹ̀, ní àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Òfin tí ó kọ́kọ́ ṣe ṣì wà lára ògiri: bí abẹ́rẹ́ bá kán, kí o kó gbogbo rẹ̀ wá, bí o kò bá rí i pé, kí o tú aṣọ náà títí o ó fi rí i. Inú kọ́sẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ń lu òǹtẹ̀ ẹni tó rán an sí.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, àyè ṣí ní tábìlì àwọn tó ń rán sílíkì, tí owó iṣẹ́ wọn pọ̀ jù. Ẹni tó bá kọ́kọ́ parí méjìlá ni yóò gbà á. Ìkejìlá ni abẹ́rẹ́ Hetty kán sí, kò sì rí ṣóńṣó rẹ̀. Bí ó bá tú u, àyè ti bọ́. Ó fi abẹ́rẹ́ tí ó fi pamọ́ láti ilé parí ìrán náà. Ada ti lọ bu tíì. Hetty mú kọ́sẹ́ẹ̀tì kan tí Ada ti rán tán, tí kò tíì lu òǹtẹ̀ sí, ó fi tirẹ̀ rọ́pò, ó lu òǹtẹ̀ Ada sí èyí tí abẹ́rẹ́ kán sí, ó sì lu tirẹ̀ sí èyí tí Ada rán.

Ó gba àyè náà.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ṣọ́ọ̀bù kan dá kọ́sẹ́ẹ̀tì kan padà. Ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ti gún obìnrin kan ní ìhà.

Ìyáàfin Gale, ọ̀gá àwọn aránṣọ, gbé e síwájú Ada. "Òǹtẹ̀ ta nìyí?"

"Tèmi ni, mà, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ mi kankan ò kán!"

"Òǹtẹ̀ rẹ ló dìde, tó fẹsẹ̀ rìn lọ síbẹ̀?"

"Ẹ bi àwọn tá a jọ jókòó!"

Ìyáàfin Gale wo gbogbo wọn. Hetty tẹjú mọ́ sílíkì rẹ̀. Ìyáàfin Gale lé Ada kúrò níṣẹ́.

"Ẹ káre o!" Ada ń já okùn épírọ́ọ̀nù rẹ̀. "Ẹ máa ránṣọ. Ẹ máa ránṣọ lọ!"

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Hetty fi dákẹ́. Lọ́jọ́ Àìkú kan, ó lọ bá Ada nílé.

"Ada, èmi ni mo pààrọ̀ rẹ̀."

Ada gbé báàgì tí ó ń dì sílẹ̀. "Ìwọ? Ìwọ tá a jọ ń pín búrẹ́dì jẹ?"

"Jọ̀ọ́, Ada..."

"Má bẹ̀ mí níbí! Ọjọ́ tí wọ́n ń lé mi ló yẹ kó o la ẹnu yẹn. Jáde, kí n tó da omi gbígbóná sí ẹ lára!"

Lọ́jọ́ Ajé, Hetty jẹ́wọ́ fún Ìyáàfin Gale.

"Mo ti kọ̀wé nípa Ada sí ilé iṣẹ́ kọ́sẹ́ẹ̀tì méje," ni Ìyáàfin Gale wí. "Kò sí èyí tó máa gbà á."

"Ẹ kọ òmíràn, mà. Ẹ kọ orúkọ tèmi."

Ó kọ ọ́, ó sì lé Hetty lọ. Ìwé náà kò wúlò mọ́: Ada ti wọ ọkọ̀ ojú irin àárọ̀ ọjọ́ náà lọ sí London láti ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Ó fi ìyá rẹ̀ tí kò lè dìde lórí ibùsùn sílẹ̀ fún aládùúgbò.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Òtítọ́ bá irọ́ Hetty. Kò bá Ada nílé. Ẹni tó bá dákẹ́ kí wọ́n lè fi ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ jẹ ẹlòmíràn níyà, òun gan-an ló ń fi ìyà náà jẹ ẹ́.

Ìyá Ada kú ní oṣù kejì lẹ́yìn tí Ada lọ. Ada kò tíì dé.