Ta Ló Ka Ọmọ fún Ìyá Ameenah?

"Ẹ káàsán mà. Ọmọ mélòó ló ń gbé inú ilé yìí?"

Àfi bí ẹni pé Sìmíátù bu omi tútù lu obìnrin náà. Ìyá Ameenah, tó ti ń rẹ́rìn-ín láti ìgbà tó ti ṣílẹ̀kùn, gbé ẹ̀rín náà mì. Aládùúgbò ìyá Sìmíátù ni ní Wythenshawe; ó mọ ọmọ yìí láti ìgbà tí wọ́n ti ń pọ̀n ọ́n.

"Sìmí, ṣé torí pé o ń lọ yunifásítì lo ṣe gbàgbé ilé? A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Bá mi kí ìyá rẹ o." Ó rọra ti ilẹ̀kùn rẹ̀.

Òjò Manchester, èyí tí kì í rọ̀ kó tán, tí kì í sì í dá, ń sẹ̀ sórí àwọn fọ́ọ̀mù ọwọ́ Sìmíátù. Ogójì ilé ni olùkọ́ ní kó wọ̀. Mọ́kànlá péré ló rí ṣe. Ìbéèrè náà ò ju mẹ́ta lọ: èèyàn mélòó ló wà nílé, tọmọ tàgbà, aago mélòó ni wọ́n ń jáde lọ síbi iṣẹ́, ọkọ̀ wo ni wọ́n ń wọ̀ lọ. Àmọ́ àwọn kan ò sí nílé, àwọn tó sì wà nílé ń pariwo láti inú pálọ̀ pé àwọn ò ra nǹkan kan.

Ara Sìmíátù kì í gbé ojú kan. Ọdún kejì rẹ̀ rèé nídìí jọ́gíráfì, ti òkè, odò àti òkúta ló sì fẹ́ràn nínú rẹ̀. Ti àwọn èèyàn, tí a ó máa kanlẹ̀kùn, tí a ó máa bẹ̀bẹ̀, ìyẹn ló sú u. Ibi tó ti ń rò ó ni fóònù rẹ̀ ti dún. Lọ́lá ni, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé fúláàtì ní Hulme.

"Níbo lo wà? Ṣẹ̀san àti àwọn ará kíláàsì wa ti gbé mọ́tò dé, à ń lọ wọn odò ní Dobcross. Tó ò bá dé láàárín wákàtí kan, a ó fi ẹ́ sílẹ̀ o!"

"Mi ò tíì ṣe ju mọ́kànlá lọ."

"Jọ̀ọ́, kọ ìyókù fúnra ẹ. Ta ló máa mọ̀?"

Ta ló máa mọ̀? Ọ̀rọ̀ yìí bá a wọ bọ́ọ̀sì dé Hulme.

Ní Dobcross, inú rẹ̀ dùn bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀. Ó wọ bàtà rọ́bà, ó kó sínú odò kékeré kan lẹ́sẹ̀ òkè, ó fa tépù láti bèbè dé bèbè. Ibì kan náà ló wọ̀n lẹ́ẹ̀mẹta kí nọ́ńbà rẹ̀ má baà ṣìnà. Ẹ gbọ́ ná: lẹ́ẹ̀mẹta! Ọmọ yìí kan náà ló yọ bírò lẹ́yìn mọ́tò nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, tó jókòó pẹ̀sẹ̀, tó sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ilé mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tí kò wọ̀. Ojúlé kẹrìnlá: ọmọ mẹ́fà, aago mẹ́jọ ààbọ̀, mọ́tò ara wọn. Ojúlé kẹrìndínlógún: ọmọ méjì, aago mẹ́sàn-án, mọ́tò. Ẹni tó ń jí ní aago mẹ́jọ rò pé aago mẹ́jọ nilẹ̀ ń mọ́ fún gbogbo ayé.

Láti ìgbà yẹn ni kò ti rójú. Bó jókòó, á dìde. Bó dìde, á tún jókòó. Á ṣí fọ́ọ̀mù wò, á pa á dé. "Ṣé ìjàlọ wọ̀ ẹ́ láṣọ ni?" ni Lọ́lá ń bi í.

Wọ́n ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Ti Sìmíátù ò tiẹ̀ pé ọjọ́ mẹ́ta. Ó lọ kí ìyá rẹ̀ nílé ní Sátidé, ó gbé fọ́ọ̀mù sórí tábìlì, ó lọ ṣe àlùwàlá. Ìgbà tó máa fi dé, ìyá rẹ̀ ti fi jígí sójú.

"Ojúlé kẹrìnlá. Ṣebí ilé Ìyá Ameenah nìyẹn?"

"Òun ni, mà."

"Ọmọ mẹ́fà. Sìmíátù, ta ló ka ọmọ fún Ìyá Ameenah?"

Sìmíátù na ọwọ́ sí fọ́ọ̀mù náà, ìyá rẹ̀ fà á sẹ́yìn.

"Mọ́tò ara wọn, aago mẹ́jọ ààbọ̀! Subuhanallahi! Èmi pẹ̀lú ẹ̀ la jọ ń wọ bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ ní ìdájí lọ fọ ilẹ̀ éápọ́ọ̀tù láti ọdún mọ́kànlá. Ṣé o ò rí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òpó bọ́ọ̀sì ni? Àwọn tó ni bọ́ọ̀sì yẹn fẹ́ fagi lé e, wọ́n ní kò sẹ́ni tó ń wọ̀ ọ́. Wọ́n ní yunifásítì ló ń bá àwọn wádìí ẹ̀. Mo sọ fún gbogbo èèyàn pé kí wọ́n fọkàn balẹ̀, ọmọ mi wà níbẹ̀."

Ọmọ mi wà níbẹ̀. Ojú ti Sìmíátù débi pé ó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Olùkọ́ ti sọ ohun tí iṣẹ́ náà wà fún ní kíláàsì. Fóònù ni Sìmíátù ń tẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bí bọ́ọ̀sì yẹn bá lọ, iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ọwọ́ òun ló sì máa tì í bọ́. Ó kúnlẹ̀. "Ẹ dákun mà, ẹ má bínú."

"Èmi kọ́ lo purọ́ fún. Ẹni tó rán ẹ níṣẹ́ ni kó o lọ bá."

Ní Mọ́ńdè, ó wọ ọ́fíìsì olùkọ́ rẹ̀. Paul ni gbogbo wọn ń pe bàbá náà ní tààrà, pẹ̀lú gbogbo ewú orí rẹ̀! Ẹnu Sìmíátù ò gbà á rí. Ó pín fọ́ọ̀mù sọ́nà méjì lórí tábìlì.

"Sà, òtítọ́ ni mọ́kànlá yìí. Èmi ni mo jókòó kọ ìyókù."

Bàbá náà ṣí ìyókù náà wò. "Kí ló dé tó o fi sọ? Mi ò bá má mọ̀."

"Màmá mi mọ̀, sà."

Bàbá náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó pa á mọ́ra. Òfin ò mọ ojú: òdo ni Sìmíátù gbà fún iṣẹ́ náà. Wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára àwọn tó ń lọ wo àwọn òkè ńlá Spain, ìrìn àjò tó ti ń lá lálàá látọdún tó wọlé. Ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fún un kó fi tún gbogbo rẹ̀ ṣe, nítorí ìwádìí bọ́ọ̀sì náà. Ó sunkún dé Hulme. Lọ́lá ní, "Ìwọ náà gọ̀ jù. Ta ní kó o lọ jẹ́wọ́?"

Ìyá rẹ̀ ló fi ọ̀nà hàn án. "Má ka ọmọ fẹ́nì kankan. Iye àwo tí wọ́n ń bu oúnjẹ sí lálẹ́ ni kó o béèrè."

Nígbà tó di ìdájí ọjọ́ kejì, òtútù ń jẹ etí Sìmíátù nídìí òpó bọ́ọ̀sì. Èèyàn ti pọ̀ níbẹ̀ ju bó ṣe rò lọ.

"Ẹ kú ìdájí mà. Ẹ jọ̀ọ́, àwo mélòó lẹ ń bu oúnjẹ sí lálẹ́?"

Ìyá Ameenah bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ ìyá ẹ! Àwo mẹ́jọ. Kọ aago tó o bá mi níbí síbẹ̀. Kó o sì kọ ọ́ gàdàgbà pé mi ò ní mọ́tò."

Ìdájí mẹ́rin ló fi dúró síbẹ̀, ọ̀sán rẹ̀ ló sì fi ń kanlẹ̀kùn. Nínú ogójì ilé, mẹ́rìnlélógún ló ní ẹni tó ń wọ bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n yọ ìwé yẹn kúrò lára òpó, bọ́ọ̀sì náà sì ń ṣiṣẹ́ lọ.

Lọ́jọ́ tí Lọ́lá àti àwọn yòókù wọ bàálù lọ Spain, Sìmíátù bá ìyá rẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì náà. Ó ń dùn ún wọra pé òun ò lọ, irọ́ kọ́. Àmọ́ ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ara rẹ̀ balẹ̀ látọjọ́ Dobcross. Ìyá rẹ̀ ti sùn lọ léjìká rẹ̀ kí wọ́n tó dé éápọ́ọ̀tù.

Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, ẹ má jẹ́ kó sú yín láti kanlẹ̀kùn. Irọ́ tí a jókòó kọ, ẹsẹ̀ ẹlòmíràn la ó fi rìn ín, ẹlòmíràn ọ̀hún sì lè jẹ́ ìyá ẹni.