Ìkòkò tí Hinda Yá Anshel

Bí ẹni gbé ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná ni Anshel ṣe gbá ìkòkò náà mọ́ àyà nígbà tó já wọ ṣọ́ọ̀bù Hinda ní Brooklyn. Omi ẹ̀wà ń kán sí bàtà rẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni, ọjọ́ ti rọ̀, Ìsinmi àwọn Júù, tí wọn kì í dáná, ò ní pẹ́ wọlé, Hinda sì ti mú kọ́kọ́rọ́ dání.

"Ẹ jọ̀ọ́, arábìnrin, ó ti sán! Ẹran wà nínú ẹ̀, ọkà báálì wà nínú ẹ̀, Ìsinmi sì ti dé tán!"

"Ṣé ẹ̀ ń sè é ni, àbí ẹ̀ ń bá a jà?"

Ìkòkò oníná tó ń fi gbogbo òru sè jẹ́jẹ́ ti tán lórí igbá. Hinda sáré gòkè lọ gbé tirẹ̀ wá.

"Ẹ tàn án kí oòrùn tó wọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan iná, ẹ má sì ṣí i wò. Sùúrù ló ń sè é."

"Kí lẹ̀yin máa wá jẹ?"

"Búrẹ́dì àti ẹja tútù. Mi ò ní kú."

Ọjọ́ Àìkú ló dá a padà, ó fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní. Lọ́jọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, ó wá béèrè bóun ṣe máa fi àlùbọ́sà sí i. Ìyàwó rẹ̀ ti kú lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Òun àti ìyá rẹ̀ ló kù nílé. Nígbà tí òjò dídì fi máa bẹ̀rẹ̀, Hinda ti ń pè é ní Alálùbọ́sà, ìyá rẹ̀ sì ti ń ránṣẹ́ pé kí wọ́n bá òun kí ìyàwó òun. Hinda ra ìborí tuntun. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tó ti ra nǹkan tó wù ú gbẹ̀yìn.

"Hinda mi, jẹ́ ká jọ máa jẹ nínú ìkòkò kan."

"Mo ti gbà, Alálùbọ́sà. Kí ló tún kù?"

"Ó ku ìwé kan. Rábì ní kó o mú ìwé ikú ọkọ rẹ wá."

Hinda bú sẹ́rìn-ín. "Ikú wo? Ó wà láàyè, ó tiẹ̀ ti sanra. Ìwé ìkọ̀sílẹ̀ ni mo ní."

Ojú Anshel ṣú. Lọ́dọ̀ tiwọn, obìnrin tó bá ti mọ ilé ọkọ a máa bo irun. Anshel rí ìborí, ó rò pé opó ni, kò sì béèrè kó má baà tú ojú egbò. Hinda rò pé ó ti mọ̀, torí gbogbo àdúgbò ló mọ̀.

"Ọmọ Árónì ni mí, Hinda. Ìdílé àlùfáà."

Hinda jókòó. Ọmọdé wọn pàápàá mọ̀ ọ́n: ọmọ Árónì lè fẹ́ opó, ṣùgbọ́n kì í fẹ́ obìnrin tí ọkọ kọ̀ sílẹ̀. Inú bí i sí òfin, sí ọkọ àtijọ́, sí ẹnu ara rẹ̀ tí kò sọ̀rọ̀ lásìkò. Wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Wọ́n fẹ̀sọ̀ mú èyí, ó sì bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

"Ká lọ ṣègbéyàwó ní kọ́ọ̀tù ìjọba," ni Anshel wí. "Mi ò ní lè gbọ́wọ́ sókè súre fún ìjọ bí àlùfáà mọ́. Mo fara mọ́ ọn."

Ó wu Hinda. Ó wù ú débi pé ó di etí tábìlì mú.

"Rárá. Tó bá di ọdún mẹ́wàá, wàá máa wò mí bí ẹni tó jí ogún baba rẹ. Gbé ìkòkò mi lọ. Ẹ̀wà inú rẹ̀ tẹ́ Màmá rẹ lọ́rùn."

Nígbà ọdún ìkórè, Hinda jókòó láàárín àwọn obìnrin ní sínágọ́gù tí Anshel ń lọ. Àwọn ọmọ Árónì fi aṣọ àdúrà bo orí, wọ́n gbọ́wọ́ sókè, gbogbo ìjọ sì dorí kodò, torí èèwọ̀ ni láti wò wọ́n. Kí wọ́n tó súre, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ọ́ jáde pé Ọlọ́run pàṣẹ fáwọn láti fi ìfẹ́ súre fáwọn èèyàn rẹ̀. Wọ́n jọ ń sọ ọ́ ni. Nígbà tó kan "ìfẹ́", ohùn kan tí Hinda mọ̀ dáadáa há láàárín wọn.

Hinda kò gbójú sókè. Ó ní, "Àmín."