Ọwọ́ Tí Waliyat Fà Sẹ́yìn

Ọkùnrin náà ń bá afẹ́fẹ́ jà létí òkun Àgbádárìgì, ó sì ń jà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn. Waliyat, tó wá ra ẹja fún ìyá rẹ̀, gbé agbọ̀n kalẹ̀, ó ń wò ó.

"Bọ̀dá, ta lẹ ń bá jà?"

"Ara mi ni," ni ọkùnrin náà, Jàmíù, dáhùn. "Táí-ṣì ni wọ́n ń pè é. Bàbá ará Ṣáínà kan tá a jọ ṣiṣẹ́ ní Morogbo ló kọ́ mi."

"Ìjà tó falẹ̀ báyìí? Kí ọ̀tá tó dé, ẹ ó ti sùn lọ."

Jàmíù rẹ́rìn-ín, ó ní kó wá kọ́ ọ. Bí eré bí eré, Waliyat di akẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rinlẹ̀ lórí yanrìn, Jàmíù ní kó gbé ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ lé tòun.

"Bí mo bá tì ẹ́, má tì mí padà, má sì sá. Máa tẹ̀ lé mi. Ẹni tó bá fà sẹ́yìn ló pàdánù."

Ibẹ̀ ni ìfẹ́ ti wọ̀ ọ́. "Olólùfẹ́ mi, n ó wá rí bàbá ẹ," ni Jàmíù ń wí.

Kó tó wá, Alájì Ùsmán, bàbá Waliyat, wá wo ohun tó ń dá ọmọ rẹ̀ dúró, ó sì bá wọn níbi tí ọwọ́ ti kan ọwọ́. Nílé tiwọn, ọmọbìnrin kì í fọwọ́ kan ọkùnrin kí wọ́n tó so yìgì. Waliyat fa ọwọ́ sẹ́yìn kíá.

"Ta ni ẹni yìí, Waliyat?" Ohùn Alájì kò le, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ kíyè sí i.

"Mi ò mọ̀ ọ́n, Bàbá mi. Ọ̀nà ló ń béèrè."

Jàmíù wò ó. Ó kí Alájì tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó mú bàtà rẹ̀, ó lọ, kò sì padà síbẹ̀ mọ́. Waliyat wá ń dá ìjà náà jà láràárọ̀. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀.

Lọ́dún kejì, Alájì jáde láyé. Nígbà tí àwọn olùbánikẹ́dùn túká, ìyá Waliyat pè é jókòó.

"Ọkùnrin etí òkun yẹn ńkọ́? Bàbá ẹ mọ̀ pé o mọ̀ ọ́n, ó ní ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni. Ó ń retí kó wá tọrọ ẹ. Ó retí títí."

Waliyat sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Ilẹ̀ mọ́, ó wọkọ̀ lọ sí Morogbo, ó béèrè ọ̀nà títí ó fi bá Jàmíù níwájú ilé rẹ̀.

"Mo sá," ló wí. "Ẹ̀rù ló bà mí. Dárí jì mí."

"Èmi náà sá. Ó yẹ kí n dúró kí n sọ ẹni tí mo jẹ́ fún wọn."

Ó na ọwọ́. Waliyat kò gbà á. "Lọ kí màmá mi ná. Lọ́tẹ̀ yìí, yìgì ni yóò ṣáájú."

Lọ́jọ́ ìsoyìgì, bí ààfáà ti ṣàdúrà tán, Jàmíù gbé ọrùn-ọwọ́ sókè, Waliyat sì gbé tirẹ̀ lé e. Àga tí Alájì máa ń jókòó sí wà níwájú wọn, kò sẹ́ni níbẹ̀. Waliyat kọjú sí i.

"Jàmíù ni, Bàbá mi," ló wí jẹ́jẹ́. "Mo mọ̀ ọ́n."